Kí ni ẹ̀rọ géèmù ń sọ nígbà tó bá ń tàn?

Ẹjọ́ kan wà tí mo ti dá tán láti ọdún gbọọrọ. Mo ti ní ariwo lásán ni ohùn tí ẹ̀rọ géèmù máa ń ké nígbà tí wọ́n bá tàn án. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló wá tú ìdájọ́ mi palẹ̀ lójú mi. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Tanke nígbà tí ẹ wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹ ò nílò àlàyé púpọ̀. Láti Tipper Garage lọ sí Òkè Odò, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó bá ṣọ́ọ̀bù géèmù pàdé: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta mẹ́rin lára ògiri, bẹ́ńṣì onípákó, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sanwó bọ́ọ̀lù ìdíje kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ń pariwo ju àwọn tó wà ní pápá gidi lọ. Ọ̀kan wà nítòsí ilé mi. Ọmọkùnrin tí mò ń wí yìí ló máa ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ PlayStation 2 àtijọ́ kan lọ bá a, èyí tí ọmọ mi fi sílẹ̀ nílé nígbà tó ń lọ sókè òkun. Mo fẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè fi ta ọmọ aládùúgbò kan lọ́rẹ.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó ń jó wáyà kan mọ́ ara bọ́ọ̀dù. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tan PlayStation àkọ́kọ́ kan, ti oníbàárà mìíràn. Ohùn ńlá kan bú jáde. A dúró díẹ̀. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó kàn ní, “Lẹ́ǹsì ni.”

Mo ní, “Ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ̀? O ò tiẹ̀ wojú ẹ̀.”

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ohùn àkọ́kọ́ wá, ìkejì ò wá. Síìdì mẹ́ta la ti fi dán an wò láti àárọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ṣebí ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ yín ní kíláàsì nìyẹn: ariwo ni ìlù létí ẹni tí kò gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ni létí ẹni tó gbọ́ ọ. Èmi náà wá di ẹni tí kò gbọ́.

Ohùn méjì, iṣẹ́ méjì

Mo lọ kà nípa rẹ̀, mo tún padà lọ bi ọmọ náà léèrè. Ohun tí mo rí rèé.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni iléeṣẹ́ Sony gbé PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Tí ẹ bá tàn án, ojú tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ funfun, àmì kan tó jọ dáyámọ́ńdì, aláwọ̀ ọsàn, á yọ láàárín rẹ̀, ohùn kan tó wúwo á sì bú jáde, á gbòòrò bí ẹni pé ilé fẹ́ mì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú á dúdú, àmì P àti S tí Manabu Sakamoto yà á jáde, ohùn kejì á sì dún, tòun tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ bí ẹ̀gbẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé lílé. Takafumi Fujisawa, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà, ló ṣe ohùn yìí.

Ẹ má rò pé orin kan náà ni wọ́n kàn gé sí méjì. Tí ojú funfun bá yọ tí ohùn àkọ́kọ́ sì dún, ẹ̀rọ ń sọ pé: ara mi dá, iná wọlé, ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́. Kò tíì kan síìdì rárá. Ẹ yọ síìdì kúrò pátápátá, ohùn yẹn á ṣì dún. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ka síìdì, tó rí i pé irú èyí tí òun lè gbà ni, nìkan ni ojú dúdú á yọ tí ohùn kejì á dún. Tí kò bá rí i kà, kò ní sọ ohun kan. Ojú ìwé kan tí wọ́n ti ń ṣètò mẹ́mórì káàdì ló máa gbé yín lọ. Ẹ wá rí ohun tí ọmọ náà gbọ́: ẹ̀rọ yè, ṣùgbọ́n kò rí síìdì. Bí síìdì bá sì dára, ojú tó fi ń kà á ló bàjẹ́. Ìdákẹ́ ló gbọ́, ìdákẹ́ náà ló sì túmọ̀.

Kí ló tilẹ̀ dé tí wọ́n fi nílò ohùn? Ìdúró ni. Síìdì kì í yára. Ẹ̀rọ PlayStation yẹn ń ka nǹkan bíi 300 kilobyte láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí síìdì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹni tó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú tí kò dún, á rò pé ó ti bàjẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, á máa tàn án. Nítorí náà wọ́n fi ohùn dí àlàfo ìdúró yẹn, bí onílé ṣe máa ń fi omi tútù àti “ẹ kú àbọ̀” dá àlejò dúró nígbà tí oúnjẹ ò tíì jinná.

Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é níwọ̀n. Gbogbo ètò ìbẹ̀rẹ̀ náà, àwòrán, ohùn, ìlànà iṣẹ́, inú ibi ìpamọ́ kan tó jẹ́ 512 kilobyte ni wọ́n kó o sí. Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Orin tí a gbà sílẹ̀ sórí síìdì lásán ń jẹ nǹkan bíi 176 kilobyte ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá kó orin gidi síbẹ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí gbogbo àyè á fi kún, kò sì ní sí àyè fún nǹkan mìíràn. Nítorí náà, wọn ò gba orin odidi sílẹ̀. Ègé ohùn kéékèèké ni wọ́n kó fún un, wọ́n wá kọ ìlànà pé kó lu èyí báyìí, kó fa ìyẹn báyìí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń lù ú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án. Onílù ni, kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù.

Àmì ìkíni tó tún jẹ́ ẹ̀ṣọ́

Ó ní ìdí kejì tí iléeṣẹ́ fi ń fi orúkọ àti àmì rẹ̀ ṣíwájú, ìdí náà sì le ju ìkíni lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Game Boy ti Nintendo rí, tó jáde lọ́dún 1989, ẹ ó rántí pé orúkọ “Nintendo” máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tó bá dé àárín, á dún “tín-ín!” lẹ́ẹ̀kan. Ibo ni orúkọ yẹn ti ń wá? Ara géèmù tí ẹ kì bọ̀ ọ́ ni, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ka àwòrán orúkọ náà lára géèmù, á gbé e jáde, á wá fi wé ẹ̀dà tó wà nínú òun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, géèmù á bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ̀rọ á dákú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi máa ń já sí wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀rọ bí ẹnu géèmù bá dọ̀tí, tí àwọn ọmọ á sì yọ ọ́, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù fún ẹ̀rọ yẹn láìgbàṣẹ gbọ́dọ̀ ya orúkọ Nintendo sí ara géèmù tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Bó bá sì yà á, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó fi orúkọ olórúkọ tajà. Sega náà dá irú ọgbọ́n yẹn: bí géèmù bá fún ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń retí, ẹ̀rọ á kọ ọ́ síta pé Sega ló fọwọ́ sí i. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Accolade tú ẹ̀rọ náà wò, ó rí ọ̀rọ̀ náà, ó fi í sínú géèmù tirẹ̀. Sega pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà dá Accolade láre. Wọ́n ní títú ẹ̀rọ wò láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe olè nínú ọ̀ràn yẹn. Àti pé bí àwọn ènìyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ tó yọ lójú tẹlifíṣọ̀n gbọ́, Sega fúnra rẹ̀ tó ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ ló fà á.

PlayStation gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú kí ojú ọ̀nà tí lẹ́ǹsì ń tọ̀ lára síìdì máa gbọ̀n díẹ̀ níbi kan. Lẹ́tà mẹ́rin ni gbígbọ̀n náà ń pè: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí a fi ń da síìdì kọ nílé lè da gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n kò lè da gbígbọ̀n yẹn kọ. Àwa ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀. Ọ̀pọ̀ síìdì tí wọ́n ń tà fún wa, ẹ̀dà ni. Nítorí náà, àwọn atúnrọ̀ṣe máa ń jó nǹkan tín-ń-tín kan mọ́ inú ẹ̀rọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni kó máa sọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn sí ẹ̀rọ létí láìdákẹ́. Ẹ̀rọ á gbà á gbọ́, ohùn kejì á dún, wọ́n á sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé Sony ti fọwọ́ sí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n fi ike rọ́bà wé ló wà nínú rẹ̀. Àmì tó yẹ kó jẹ́rìí òótọ́ wá ń jẹ́rìí èké ní ohùn kan náà. Ohùn ò purọ́ fún atúnrọ̀ṣe, ẹ jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀: ó ṣì ń sọ fún un pé lẹ́ǹsì ń ṣiṣẹ́. Aláṣẹ ló purọ́ fún.

Ìlù inú rédíò

Bí mo ṣe ń ro gbogbo èyí ni mo rántí pé àwa náà ti ní irú rẹ̀ kí ẹ̀rọ géèmù tó dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni àpótí Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, èyí tí àwọn bàbá wa sọ lórúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 1951 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ rédíò Nàìjíríà sílẹ̀, tí wọ́n sọ di NBC lọ́dún 1957. Láàárín ètò kan àti èkejì, ìlù wa ni wọ́n máa ń lù. Rédíò ìgbà yẹn máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ẹni tó bá sì ń yí i kiri gbọ́dọ̀ mọ ibi tó dé. Ìlù ló ń sọ fún un pé: ilé lo dé yìí, dúró.

Wọ́n ní orúkọ iléeṣẹ́ náà lédè òyìnbó ni ìlù ọ̀hún ń pè. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ òyìnbó lẹ́nu dùndún? Àwọn ará Ìbàdàn ní rárá o, ohun tí ìlù ń béèrè ni ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Gbogbo wa la gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe àwàdà lásán. Dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ní. Ìlú, ìyá, ọ̀rẹ́: ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu ìlù. Nítorí náà, onílù kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbólóhùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń lò, kí olùgbọ́ lè fi èyí tó mọ̀ tú èyí tó ń gbọ́. Bí iléeṣẹ́ bá wá lu ohun tí olùgbọ́ ò mọ̀, olùgbọ́ á fi ohun tó mọ̀ sí i lẹ́nu. Bí àwọn ọmọ Tanke náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn sọ fún mi pé ní tiwọn, ohùn àkọ́kọ́ ń sọ pé “iná ti dé,” èkejì ní “ẹ mówó wá.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: oníṣọ́ọ̀bù kì í gba owó títí ìkejì á fi dún. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ilé gíga inú PlayStation 2

Ó wá kan ẹ̀rọ tèmi. PlayStation 2 jáde ní Japan ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2000, ó sì tà ju 150 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé. Fujisawa kan náà ló ṣe ohùn rẹ̀. Tó bá ń tàn, ẹ ó rí òkùnkùn aláwọ̀ búlúù àti àwọn nǹkan bí ilé gíga tó dúró káàkiri, tí ẹ ń kọjá lórí wọn bí ẹni ń fò. Ọṣọ́ ni mo pè é fún ogún ọdún.

Ọmọkùnrin náà nu ojú lẹ́ǹsì, eruku ilé mi ló pọ̀ níbẹ̀, ó tàn án, ó sì ké pé, “Háà! Bàbá, ta ló ni ẹ̀rọ yìí? Ó gbá géèmù o!”

Mo ní kí ló rí. Ó ní ilé gíga wọ̀nyẹn kì í ṣe ọṣọ́. Géèmù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti ta lórí ẹ̀rọ, tí mẹ́mórì káàdì sì wà lára rẹ̀, ló ń kọ́ ilé kan. Bí wọ́n bá ṣe ń tan géèmù náà sí i ni ilé rẹ̀ ń ga sí i. Káàdì náà lè rántí géèmù mọ́kànlélógún. Bí ẹ bá yọ káàdì, ilẹ̀ á ṣófo. Káàdì ọmọ mi ṣì wà nínú ihò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti lọ. Ilé kún ilẹ̀, méjì nínú wọn sì ga ju ìyókù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nígbà yẹn, ẹ mọ òfin ilé mi: Sátidé nìkan. Ọmọ náà ń múra WAEC, ó sì máa ń sọ fún mi lálaalẹ́ pé ìwé lòun kà. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní mo ti rí ilé tó kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí mọ́.” Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ṣé ẹ rántí pé ẹ ò kì í sí nílé?” Mo rántí. Ọ́fíìsì ni mo máa ń wà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìwé yín ni mò ń máàkì. Ohun tí mẹ́mórì káàdì kọ sílẹ̀ kì í ṣe nípa tirẹ̀ nìkan.

N kò ta ọmọ aládùúgbò lọ́rẹ mọ́. Mo ra òmíràn fún un.

Ìgbà tí ìdúró bá tán

PlayStation 3, tó jáde ní 2006, ṣì ní ohùn tirẹ̀: ẹgbẹ́ olórin ńlá tó ń tún ohùn ohun èlò wọn ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Láti orí PlayStation 4 ti ọdún 2013, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé “bíì” lásán ló kù. Kò yani lẹ́nu. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ kú, wọ́n kàn ń sùn ni. Ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ti jí. Bákan náà ni rédíò: ibùdó tó ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru kò ní àlàfo tí ìlù máa dí, rédíò inú fóònù sì ń kọ orúkọ ibùdó síta. Àwọn ohùn wọ̀nyí ò kú nítorí pé wọn ò dára. Ìdúró tí wọ́n wà fún ló tán.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tó ń dùn mí. Ohùn PlayStation ò sọnù. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbà á sílẹ̀ ní oríṣiríṣi, wọ́n mọ orúkọ Fujisawa, wọ́n mọ ìdí tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi dún. Ìlù tó kí wa káàbọ̀ sórí rédíò fún ọ̀pọ̀ ọdún ńkọ́? Ta ló lù ú? Irú ìlù wo ni? Ta ni nínú yín tó lè dárúkọ onílù náà, kí n kọ ọ́ síbí?

Ìbéèrè gidi ni o. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Ìlọrin níbí, ẹ wo inú àpótí. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá wà tí ìlù yẹn wọ̀ láàárín ìròyìn méjì, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fi orin mìíràn tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e wá fún mi. Ọmọkùnrin Tanke yẹn ti ní òun á bá mi tún ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi ṣe. Ó ní kí n kàn tàn án kí òun gbọ́.